Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Bí A Ṣe Lè Fi Ejẹ́ǹtì AI Púpọ̀ Yẹ Pláànù Sọ́fítíwíà Wò

 Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní Sókótó, kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Mabera. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá ṣòwò. Haúsá ni mo fi bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré. Ẹnu ìyá mi ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá kí n tó wọ ẹgbẹ́ wa yìí. Nítorí náà, bí Yorùbá mi bá ta kókó níbì kan, ẹ bá mi tú u.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ owó ìrànwọ́ ẹgbẹ́ wa. Gbogbo wa la mọ ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù tí akápò máa ń gbé kiri. Ní sáà tó kọjá, àìsàn gbé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan dé ilé-ìwòsàn, ó sì ní kí ẹgbẹ́ ran òun lọ́wọ́. Ó ti san owó tirẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ìwé, wọn ò rí orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tó mọ̀ pé orúkọ ẹlòmíràn tó jọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ owó náà sí. Ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ fi ní kí èmi tí mò ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ya pláànù áàpù kan tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwé búlúù náà. Mo yà á ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Inú mi dùn sí i. Ohun tí ojú pláànù náà rí lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo gbà pé yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, kódà bí kì í bá ṣe kọ̀ǹpútà ló ń kọ́.

KÍ NI YÍYẸ PLÁÀNÙ WÒ?

Ẹni tó fẹ́ kọ́lé kì í kàn máa to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù. Yóò kọ́kọ́ ya pláànù. Bí ilẹ̀kùn bá wà níbi tí kò yẹ lórí bébà, a ó pa á rẹ́, a ó yà á síbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti mọ ògiri tán, wíwó ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni sọ́fítíwíà rí. Kí a tó kọ kóòdù, a ó kọ ọ́ sílẹ̀: àwọn wo ni yóò lò ó? Níbo ni àkọsílẹ̀ yóò máa wà? Ta ló láṣẹ láti yí i padà? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ? Lẹ́yìn èyí la ó pe àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n wá bá wa wá ibi tó ti lè fọ́.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1976, Michael Fagan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà tẹ ìlànà kan jáde lórí bí a ṣe ń yẹ pláànù àti kóòdù wò. Ènìyàn mẹ́rin ló ní kí ó jókòó: ẹni tí yóò darí ìjókòó, ẹni tó ya pláànù, ẹni tí yóò kọ kóòdù, àti ẹni tí yóò dán an wò. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ènìyàn mẹ́rin lásán ló wá. Ojú mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dán nǹkan wò máa ń rí ohun tí ẹni tó yà á kò lè rí, nítorí pé ohun tí kálukú ń wá yàtọ̀.

Bí ẹnì kan bá rò pé eré ni, kí ó rántí ìdánwò JAMB ọdún 2025. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, jáde sí gbangba, ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ibùdó ìdánwò 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, 65 ní Èkó, 92 ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ 379,997. Kí ló fà á? Wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí ètò wọn kí ìbéèrè àti ìdáhùn lè máa yí ipò padà láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan sí òmíràn. Àtúnṣe náà dé orí àwọn sáfà tí wọ́n ń pè ní ti Kàdúná, kò dé orí àwọn tí wọ́n ń pè ní ti Èkó. Àwọn ọmọ tó mọ ìwé gba máàkì tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì ní láti tún ìdánwò ṣe. Irú nǹkan báyìí ni ìbéèrè kan wà fún nígbà tí a bá ń yẹ pláànù wò: "Bí àtúnṣe bá dé apá kan tí kò dé apá kejì, báwo la ṣe máa tètè mọ̀?"

TA NI EJẸ́ǸTÌ?

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, kò sí họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọn ò ti ń bá AI sọ̀rọ̀. AI yìí ti ka ìwé rẹpẹtẹ, ohun tó kọ́ níbẹ̀ ló sì fi ń mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Bí a bá wá gbé iṣẹ́ kan pàtó lé e lọ́wọ́, tí a sọ ojú tí yóò fi wo iṣẹ́ náà, tí a fún un ní irinṣẹ́, bíi kí ó lè ka fáìlì tàbí kí ó dán kóòdù wò, tí ó sì ń gbé ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn títí iṣẹ́ yóò fi parí, òun ni wọ́n ń pè ní ejẹ́ǹtì. Ẹ má ṣe rò pé ó dìgbà tí ẹ bá ní ẹ̀rọ olówó ńlá. Ní ti yíyẹ pláànù olójú ìwé méjì wò, ẹni tó bá ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí fóònù, tí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní náà.

Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí láti MIT àti Google fi hàn pé bí ẹ̀dà AI mélòó kan bá dáhùn ìbéèrè kan náà, tí wọ́n ka ìdáhùn ara wọn, tí wọ́n sì tún tiwọn ṣe, ìdáhùn ìṣirò àti ti òye máa ń dára ju ti ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé nígbà mìíràn gbogbo wọn yóò fẹnu kò sórí irọ́, wọn yóò sì máa fi ìgboyà sọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

BÍ MO ṢE YẸ PLÁÀNÙ MI WÒ

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo gbé pláànù mi fún AI kan, mo ní, "Ẹ wo pláànù tí mo yà yìí, ṣé ó dára?" Ó ní ó dára púpọ̀. Ó kí mi, ó yìn mí, ó wá sọ ohun kékeré méjì tí mo lè fi kún un. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sùn. Ṣùgbọ́n mo rántí pé bí ènìyàn bá béèrè ọ̀rọ̀ bíi ẹni tó ń wá ìyìn, ìyìn náà ni AI sábà máa ń fún un.

Ní ọjọ́ kejì mo ṣí mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò sọ pé èmi ni mo yà á. Mo sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Pláànù yìí ní ibi tó ti máa fọ́. Wá a rí. Tọ́ka sí ìlà tí o ń bá wí, kí o sì sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn gidi." Èyí àkọ́kọ́ ń ṣọ́ owó. Èkejì ń ronú bí olè. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ní fóònù kékeré, tí dátà rẹ̀ ti fẹ́ tán, tí NEPA sì ti mú iná lọ láti àná. Ẹ̀kẹrin ń ṣọ́ àkọsílẹ̀.

Olùṣọ́ owó ní bí ọmọ ẹgbẹ́ bá tẹ ibi tí wọ́n ti ń sanwó, tí nẹ́tíwọ̀kì sì ń yí bìrìbìrì, yóò tún un tẹ̀, pláànù mi yóò sì ka owó náà sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ojútùú rẹ̀ kò le: kí fóònù fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. Bí nọ́ńbà kan náà bá dé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan la ó kà á. Olè ní òun kò ní dààmú ara òun lórí áàpù rárá. Fóònù akápò lòun máa jí, nítorí pé akápò nìkan ló ń fọwọ́ sí owó tó ń jáde. Èyí mú kí n kọ ọ́ pé ènìyàn méjì ni yóò máa fọwọ́ sí i. Onífóònù kékeré ní Adéṣọlá tó fi àmì sí orúkọ rẹ̀ lónìí lè kọ Adesola lọ́la, áàpù yóò sì sọ wọ́n di ènìyàn méjì. Orí mi wú. Ọ̀ràn ìwé búlúù náà gan-an ni mo tún fẹ́ gbé wọ inú áàpù! Mo yọ orúkọ kúrò gẹ́gẹ́ bí ohun ìdánimọ̀, mo fi nọ́ńbà mátíríkì sí i. Olùṣọ́ àkọsílẹ̀ ní kí a má ṣe pa ohunkóhun rẹ́. Bí àṣìṣe bá wà, kí a kọ àtúnṣe sí abẹ́ rẹ̀, kí ojú lè rí méjèèjì.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ ọ̀rọ̀ o. Ọ̀kan ní kí a fi sáfà sí ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí àwọn tí yóò máa lò ó lè di mílíọ̀nù. Ẹgbẹ́ tí kò tíì rí owó ra àga tuntun! Òmíràn ní pláànù mi kò bo ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́lẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò dárúkọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan níbẹ̀. Ó rí ohun tí kò sí. Mo wá kó gbogbo ẹ̀sùn wọn jọ fún ẹ̀karùn-ún, mo ní kí ó ṣe agbẹjọ́rò pláànù, kí ó gbìyànjú láti já ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan nírọ́. Èyí tí kò lè já, èmi fúnra mi lọ wo ìlà náà. Nínú ẹ̀sùn mọ́kàndínlógún, méje ló dúró.

ÌBÉÈRÈ TÓ WÁ LÁTI ABẸ́ IGI

Ohun kan wà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹnu kò lé lórí láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ti ara wọn. Mo ti kọ ọ́ sínú pláànù pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò máa rí owó tó wọlé àti èyí tó jáde, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà á. Gbogbo wọn yìn ín. Wọ́n ní bí a ṣe ń dènà jìbìtì nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé ẹlẹ́rìí mẹ́rin kò lè ṣìnà.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo ka pláànù náà sí etí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lábẹ́ igi dongoyárò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí a ṣe fẹ́ dìde, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yìí, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí mo bá gba owó yẹn, ṣé gbogbo èèyàn ló máa rí orúkọ mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe màgòmágó.

Ó ní, "Á jẹ́ pé mi ò ní gbà á nìyẹn."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa lábẹ́ igi yẹn ló ti fi gàrí sùn rí kí a má baà jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ pé owó ilé kò tíì dé. Áàpù tí kò ní àṣìṣe kan nínú ìṣirò rẹ̀ ì bá wà, àwọn tí a torí wọn ṣe é kò sì ní fọwọ́ kàn án.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo padà sọ́dọ̀ àwọn ejẹ́ǹtì mi. Mo sọ ìbéèrè ọmọbìnrin náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíá ni gbogbo wọn ní òótọ́ ló sọ, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí ìtìjú ń fà dáadáa ju bí èmi ti lè ṣe é lọ. Ó jọ mí lójú. Wọ́n mọ̀ ọ́n! Kò kàn sí ẹni tí mo fi sí ìjókòó ọmọbìnrin yẹn ni. Mo fi ọ̀kan ṣọ́ owó, mo fi ọ̀kan ṣe olè. Mi ò fi ẹnì kankan ṣe ẹni tí ebi ń pa tí ojú sì ń tì.

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ó wá kù fún àwa tí a ti wà ní Sókótó gan-an kí a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà bá wa wí.

ÌDÍ TÍ MẸ́RIN FI LÈ JẸ́ Ọ̀KAN

Kí ló dé tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ṣìnà síbì kan náà? Ní ọdún 1986, John Knight àti Nancy Leveson tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tó lè là wá lójú. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì ní Amẹ́ríkà, ti Virginia àti ti California ní Irvine, kọ ètò kọ̀ǹpútà kan náà, kálukú lọ́tọ̀. Ètò 27 ni wọ́n rí gbà, wọ́n sì dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nígbà mílíọ̀nù kan. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni pé bí kálukú bá dá ṣiṣẹ́ rẹ̀, àṣìṣe wọn kò ní pàdé. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn ètò náà ń kọsẹ̀ pọ̀ lórí òkúta kan náà ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ibi tí iṣẹ́ ti le fún ẹnì kan ló ti le fún ẹnì kejì.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ilé tí wọ́n ti wá yàtọ̀, kí la fẹ́ sọ nípa ejẹ́ǹtì mẹ́rin tó jẹ́ AI kan náà, tí wọ́n ka ìwé kan náà? Ìyá kan ló bí wọn. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, ẹ dúró, ẹ wò ó dáadáa, nǹkan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹnu kò, ẹ má tíì kà á sí ẹ̀rí mẹ́rin.

BÍ Ẹ̀YIN NÁÀ ṢE LÈ ṢE É

Ẹ kọ pláànù yín sílẹ̀ kó má ju ojú ìwé méjì lọ. Ohun tí kò sí lórí bébà, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn sílẹ̀ kí ẹ tó pe ejẹ́ǹtì kankan, àti ẹni tí yóò lò ó, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́, àti ẹni tó lè pàdánù nítorí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni kí ẹ fún ní ejẹ́ǹtì tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ti ẹnì kejì kí kálukú tó sọ tirẹ̀ tán. Bí ẹ bá lè lo AI ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá agbẹjọ́rò tí yóò já ẹ̀sùn wọn. Èyí tó bá kù, ẹ fi ojú ara yín wò ó.

Ẹ má ṣe kó orúkọ ènìyàn gidi, nọ́ńbà báńkì tàbí ọ̀rọ̀ àìsàn ẹnikẹ́ni fún AI. Orúkọ àròsọ ti tó. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ti wà láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀rọ̀ òfin, ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ka pláànù náà sí etí àwọn tí ẹ torí wọn yà á, kí ẹ sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn àtẹ́wọ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni kí ẹ fún láyè jù. Bí ó bá sọ ohun tí ejẹ́ǹtì kankan kò sọ, ìjókòó tuntun ló fi hàn yín yẹn. Ẹ lọ fi ejẹ́ǹtì kan síbẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ti pláànù tiwa, iye owó àti ọjọ́ ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa rí báyìí. Àwọn mẹ́ta tí ẹgbẹ́ bá yàn láti yẹ owó wò ni yóò máa rí orúkọ, wọn yóò sì máa jábọ̀ fún gbogbo wa ní ìparí sáà. Ọmọbìnrin náà ti kà á. Ó ní ó dáa. A kò tíì kọ kóòdù rẹ̀ o, ìwé búlúù ṣì wà lọ́wọ́ akápò. Nítorí náà, bí ẹ bá san owó yín lóṣù yìí, ẹ dúró kí ẹ rí i pé orúkọ yín gan-an ló kọ síbẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a pàdánù ọ̀nà tó gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Ó dàbọ̀.